Fáàfù Kékeré Abẹ́ Mọ́tò: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Àwa tí Ń Gba Ṣàngó-Ọ̀tà Kọjá

   Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀tà lọ sí Èkó, tàbí tí ó ń di ẹrù rán dírẹ́bà lọ sí Ìdí-Ìrókò, tàbí tí ó ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ní gbogbo gáréèjì wa, kí mọ́tò tó gbéra, àdúrà la fi í bẹ̀rẹ̀. Oníwàásù a bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wa a ṣe àmín, a ó bẹ Ọlọ́run kí ó má jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà náà dára, èmi pàápàá a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí èrò kan kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò kí ó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ibẹ̀ ni ohun tí yóò dá wa dúró ní ọjọ́ tí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé bá já sójú títì.

Olùkọ́ kan ní Ọ̀tà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀sì tí ń gbé wa lọ sí ibi iṣẹ́, bí ó bá kún fọ́fọ́, tí dírẹ́bà bá tẹ búrékì, ó ń dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èrò bá ti sọ̀ tán, tí ó ku èmi àti kọ̀ńdọ́ nìkan, tí òjò sì ti rọ̀, bí ó bá tẹ búrékì báyìí, ìdí mọ́tò a bẹ̀rẹ̀ sí í jó, a fẹ́ yí padà kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀. Ṣé kì í ṣe mọ́tò tí kò ní ẹrù ni ó yẹ kí ó rọrùn láti dá dúró ni?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú fáàfù irin kékeré kan, tí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ, tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ mọ́tò lápá ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò.

BÍ BÚRÉKÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ mú omi inú ọ̀rá tí à ń pè ní píọ̀ wọ́tà kan. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́rin sí i lára, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, kí ẹ wá fún un lọ́wọ́. Ẹ ó rí i pé omi yóò tú jáde láti inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tí yóò sọ pé ọwọ́ kò kan òun. Ohun tí Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 dé 1662, kọ́ wa nìyẹn: bí a bá há omi mọ́ ibì kan, tí a sì tẹ̀ ẹ́, agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ẹ ra síríǹjì méjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu wọn pọ̀, kí omi sì kún inú wọn. Bí ojú kékeré bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 1, tí ti ńlá sì jẹ́ 5, tí ẹ bá fi agbára kílò 10 tẹ kékeré, ńlá yóò fi agbára kílò 50 dìde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: bí kékeré bá rin sẹ̀ǹtímítà 5, ńlá yóò rin ẹyọ 1 péré. Bí ẹsẹ̀ dírẹ́bà kan ṣoṣo ṣe ń dá ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́ta dúró nìyẹn. Ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, pẹ́dà ti mástà, mástà tẹ ọ́ìlì búrékì nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ọ́ìlì náà sì ti búrékì mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára.

Malcolm Loughead, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú búrékì olómi yìí ní 1917, nígbà tí ó sì di 1921, mọ́tò Duesenberg jáde tòun ti búrékì náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣáájú àkókò náà, ọ̀pá irin àti okùn wáyà ni wọ́n fi ń fa búrékì, bí èyí bá le jù, èyí a dẹ̀ jù. Búrékì olómi tún ayé ṣe, nítorí pé gbogbo ẹsẹ̀ ló ń gba ìwọ̀n kan náà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro mìíràn ti yọjú. Ṣé ìwọ̀n kan náà ni ó yẹ kí táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn gbà? Rárá o.

ÌDÍ TÍ IWÁJÚ FI Ń GBA JU Ẹ̀YÌN LỌ

Ẹ wo inú bọ́ọ̀sì nígbà tí kọ̀ńdọ́ bá ké pé "Ó wà o!" tí dírẹ́bà sì tẹ búrékì lójijì. Gbogbo èrò ni yóò tẹ orí síwájú bí ẹni ń kí ọba. Mọ́tò fúnra rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀: imú rẹ̀ a wálẹ̀, ìdí rẹ̀ a gbé sókè. Ẹrù tí táyà ẹ̀yìn ń rù a dínkù, tí iwájú a pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò gbé e. Kí á ní mọ́tò kan wúwo tó kílò 1,500, tí ó pín in dọ́gba, 750 níwájú, 750 lẹ́yìn. Kí àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5, kí àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ búrékì gidigidi lórí ọ̀dà gbígbẹ, nǹkan bí kílò 250 ni yóò ṣí kúrò lẹ́yìn lọ síwájú. Iwájú á di 1,000, ẹ̀yìn á ku 500. Ìlọ́po méjì! Táyà tí ẹrù tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ń di ilẹ̀ mú. Nítorí náà, bí a bá fún iwájú àti ẹ̀yìn ní agbára búrékì kan náà, ẹ̀yìn tí kò ní ẹrù lórí yóò há, kò ní í yí mọ́, yóò máa wọ́ tuurutu lórí títì.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nìyí, kí ẹ fi sọ́kàn: táyà tí ń yí ni ó ń mú ilẹ̀, táyà tí ń wọ́ kì í mú un dáadáa. Bí táyà iwájú bá kọ́kọ́ há, mọ́tò yóò máa lọ tààrà, dírẹ́bà yóò yí ọwọ́ ọkọ̀ títí, kò ní í gbọ́. Ìyẹn burú. Ṣùgbọ́n bí ti ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìdí mọ́tò yóò fẹ́ sáré kọjá iwájú, yóò sì yí bírí. Ẹni tí ó bá ti rí bọ́ọ̀sì tí ó fi ẹ̀gbẹ́ lọ bá tírélà tí ń bọ̀, ó mọ ohun tí mò ń sọ.

FÁÀFÙ APÍN-AGBÁRA

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe mọ́tò fi fi fáàfù kan sójú ọ̀nà ọ́ìlì tí ń lọ sí búrékì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti onílé tí ń pín ọbẹ̀: àgbà ní tirẹ̀, ọmọdé ní tirẹ̀. Nínú fáàfù náà ni irin rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré kan wà, pẹ̀lú sípíríǹgì àti rọ́bà. Bí dírẹ́bà bá rọra tẹ búrékì, ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ọ́ìlì ń kọjá lọ sẹ́yìn bí ó ti wù ú, iwájú àti ẹ̀yìn ń gba bákan náà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, agbára ọ́ìlì yóò borí sípíríǹgì, irin kékeré náà yóò sún, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀nà dé. Láti ìgbà náà lọ, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ́ kí agbára kún ti ẹ̀yìn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ: kí á ní fáàfù náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí agbára ọ́ìlì bá dé kílò 30 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí ó sì jẹ́ pé nínú gbogbo 10 tí ó bá tún gorí rẹ̀, 4 péré ni ó ń jẹ́ kí ó dé ẹ̀yìn. Bí iwájú bá dé 80, àlékún 50 ni. Ẹ̀yìn yóò gba 30 àti 20, èyí tí í ṣe 50. Iwájú 80, ẹ̀yìn 50. Mọ́tò á dúró láìjó.

Fún mọ́tò kékeré tí ènìyàn mẹ́rin márùn-ún ń wọ̀, irú fáàfù tí kò ń yí ìwọ̀n padà báyìí tó. Ṣùgbọ́n mọ́tò akẹ́rù ńkọ́? Àná, ó gbé ìrẹsì àpò 20. Lónìí, ó ń padà bọ̀ lófìfo. Bí fáàfù bá ń wo ti òfìfo nìkan, búrékì ẹ̀yìn kò ní í tó nígbà tí ẹrù bá wà. Bí ó bá ń wo ti ẹrù nìkan, ẹ̀yìn yóò há nígbà tí mọ́tò bá ṣófo.

Àwọn onímọ̀ wá wá ọgbọ́n mìíràn dá. Wọ́n so fáàfù mọ́ ara mọ́tò lókè, wọ́n sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó pọ̀ mọ́ irin ńlá tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lára rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹrù bá wọ mọ́tò, sípíríǹgì ẹ̀yìn yóò tẹ̀, ara mọ́tò yóò sún mọ́ irin ìsàlẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò sì ti fáàfù pé, "Ẹrù dé o, jẹ́ kí agbára púpọ̀ kọjá." Bí a bá já ẹrù, ara mọ́tò yóò dìde, ọ̀pá náà yóò dẹ̀, fáàfù yóò sì tètè máa dí ọ̀nà. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pá àti sípíríǹgì ni, bẹ́ẹ̀ ó ń wọn ẹrù bí òṣùwọ̀n ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Toyota Hilux àti HiAce tí wọ́n ń kẹ́rù kérò ní Ṣàngó, ní Ìyànà-Ìyẹsí àti ní òpópó Ìdí-Ìrókò ni wọ́n ní irú rẹ̀.

Olùkọ́ wa, ẹ gbọ́ ìdáhùn yín wàyí. Ó ṣeé ṣe gan-an kí ọ̀pá fáàfù bọ́ọ̀sì yẹn ti há síbi tí ó máa ń wà bí ẹrù bá kún, tàbí kí ẹnìkan ti fi wáyà so ó síbẹ̀, tàbí kí wọ́n ti yọ fáàfù náà dànù pátápátá. Bí èrò bá kún, ohun gbogbo a dọ́gba, ẹ ò ní í mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Bí ó bá ṣófo tí títì sì tutù, agbára tí ó yẹ fún èrò 15 ni búrékì ẹ̀yìn yóò fi dá èrò méjì dúró. Táyà ẹ̀yìn á há, ìdí mọ́tò á jó. Ẹ sọ fún dírẹ́bà náà kí ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ má sì tún wọ̀ ọ́ nínú òjò títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ MO GBỌ́ NÍ ỌGBÀ MẸKÁNÍÌKÌ

Láìpẹ́ yìí, mo jókòó sí ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ṣàngó nígbà tí Alhájà kan gbé mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ dé. Oúnjẹ ni ó ń tà. Ó ní: "Bàbá, ẹ bá mi fi irin méjì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ẹrù mi ń tẹ mọ́tò sílẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì."

Ọ̀gá mẹkáníìkì nu ọwọ́, ó ní: "Alhájà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irin kún un, a ní láti tún fáàfù búrékì tò. Bí ẹ kò bá ní í san ti fáàfù, ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípíríǹgì."

"Fáàfù wo ni ẹ tún ń wí? Ẹ̀yin mẹkáníìkì yìí, ọ̀rọ̀ yín kì í tán lórí owó."

Bàbá kò bínú. Ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó sì fi ìka han án. "Ẹ wò ó, Alhájà. Ọ̀pá yìí ni ojú tí fáàfù fi ń rí ẹrù yín. Bí sípíríǹgì bá le, mọ́tò kò ní í tẹ̀ mọ́ bí ẹ bá di ẹrù rù ú. Fáàfù á wò, á ní kò sí ẹrù. Tọ́ọ̀nù kan á wà lẹ́yìn, yóò máa há ọ́ìlì mọ́ búrékì ẹ̀yìn bí ẹni pé mọ́tò ṣófo. Iwájú nìkan ni yóò máa jìyà. Bí ẹ bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí búrékì iwájú bá gbóná jù, ta ni yóò dá a dúró?"

Alhájà yíjú sí dírẹ́bà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. "Ìwọ, ṣé o ti rí nǹkan kan lára búrékì yìí?"

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, mà. Bí ẹrù bá pọ̀, kì í tètè dúró. Ẹ̀rù ni ó bà mí láti sọ, kí ẹ má baà rò pé mò ń sá fún iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wa lára. Alhájà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní: "Bàbá, ẹ fi sípíríǹgì sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ yẹ fáàfù náà wò fún mi. N ó dín ẹrù kù, n ó máa rin ẹ̀ẹ̀mejì."

Ẹ̀yin oníṣòwò, mo fẹ́ kí ẹ ronú lórí ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yẹn. Ẹni tí ó ń jẹ èrè àpò márùn-ún tí a fi kún ẹrù kọ́ ni ó jókòó síwájú. Ẹni tí ó jókòó síwájú kò lè sọ̀rọ̀, nítorí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni mọ́tò. Bí ẹ kò bá bi í léèrè, kò ní í sọ. Ẹ máa bi í.

ÀṢÌṢE MẸ́RIN TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Èkíní ni fífi irin kún sípíríǹgì láìtún fáàfù tò, bí a ti rí i yìí. Kí ẹ sì mọ̀ pé irin àfikún kò sọ mọ́tò di alágbára. Búrékì, táyà àti ṣáásì wà bí wọ́n ti wà. Ìwọ̀n ẹrù tí àwọn tí ó ṣe mọ́tò fọwọ́ sí ni ìwọ̀n rẹ̀.

Èkejì ni fífi wáyà so ọ̀pá fáàfù mọ́ òkè, kí búrékì ẹ̀yìn lè máa mú dáadáa. Yóò mú lóòótọ́, nígbà tí ẹrù bá wà. Ní ọjọ́ tí mọ́tò bá já ẹrù tán tí ó ń padà lófìfo nínú òjò, ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni yíyọ fáàfù tí ń jò dànù, kí a sì so páìpù pọ̀ tààrà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ń tẹ páìpù pa tàbí tí wọ́n ń dí i ní ẹsẹ̀ kan tí ń jò, wọ́n á ní "ẹ máa lò ó lọ ná". Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò náà fi ń dúró láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀gbẹ́ kan á sì máa fà á.

Ẹ̀kẹrin ni ríra fáàfù tọ́kùnbọ̀ ti mọ́tò mìíràn, nítorí pé ẹnu páìpù bá a mu. Ẹnu lè bára mu kí ìwọ̀n inú má bára mu. Fáàfù tí a ṣe fún mọ́tò tí ó fúyẹ́ kò mọ ìwọ̀n mọ́tò tí ó wúwo. Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin láti ra ohun èlò, ẹ mú nọ́ńbà mọ́tò yín àti fáàfù àtijọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì rí i pé ti irú mọ́tò yín gan-an ni wọ́n ń tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì búrékì náà wà níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì búrékì, ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Bí a bá da ti ẹ́ńjìnì sí mástà, rọ́bà inú búrékì àti ti inú fáàfù yóò wú, yóò sì bàjẹ́. Ọ́ìlì búrékì tòótọ́ pẹ̀lú a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára, bí ó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí ó bá ti fa omi mu, ó lè hó ní 140. Bí ó bá hó, ooru tí ó di afẹ́fẹ́ ni pẹ́dà yóò máa tẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì wọlẹ̀ láìrí nǹkan mú. Ìyẹn wà nínú ohun tí à ń pè ní "búrékì fèlì". Lẹ́yìn ọdún méjì, ó yẹ kí á da àtijọ́ nù, kí á rọ tuntun sí i, kí á sì yọ atẹ́gùn inú páìpù.

TI MỌ́TÒ TUNTUN ÀTI TI TÍRÉLÀ

Ní 1978, iléeṣẹ́ Bosch àti Mercedes-Benz ti Jámánì gbé búrékì ABS jáde, èyí tí kò ń jẹ́ kí táyà há. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ láti máa pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé kò ní fáàfù ọlọ́pàá mọ́. Ohun tí ń wo bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí iná ABS àti iná pupa ti búrékì bá jọ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń pín agbára ti dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ gílóòbù iná náà kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹni tí ó pa agogo kò pa olè.

Iná pupa yẹn pẹ̀lú ní ìtumọ̀ tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mọ́tò kò ń fi páìpù kan ṣoṣo pín ọ́ìlì mọ́. Ọ̀nà méjì ni, kí ọ̀kan lè ṣẹ́ kù bí èkejì bá já. Amẹ́ríkà fi dandan lé e fún mọ́tò kékeré tuntun láti 1968. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, fáàfù kan wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Bí agbára apá kan bá lọ sílẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò sún sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, yóò sì tan iná. Iná náà ń sọ pé ìdajì búrékì ti lọ.

Àwọn tírélà tí ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò, níbi tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí wọ́n ń gba Ìfọ̀ àti Ṣàngó wọ Èkó, kì í ṣe ọ́ìlì ni wọ́n fi ń dúró bí kò ṣe atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: púpọ̀ nínú wọn ní fáàfù tí ń wo ẹrù, ẹni tí ó bá sì yọ ọ́ dànù, ó fi ẹ̀mí ará ìlú ta tẹ́tẹ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín, nígbàkígbà tí mọ́tò bá gun jáàkì, kí ó wo ọ̀pá fáàfù: ṣé ó ń lọ sókè sódò, àbí ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ti há a? Ṣé ọ́ìlì ń jò lẹ́nu rẹ̀? Ṣé wáyà kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́? Bí wọ́n bá pààrọ̀ sípíríǹgì, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n sì fi gééjì wọn agbára ọ́ìlì ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú lásán tò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọmọ rìnrìn àjò, ẹ má fi owó ọkọ̀ nìkan yan bọ́ọ̀sì. Kí ẹ tó san owó, ẹ wọ̀ ọ́ lófìfo, kí dírẹ́bà rọra wà á ní ibi gbangba tí kò sí ènìyàn, kí ó sì tẹ búrékì. Bí imú rẹ̀ bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ìdí rẹ̀ bá jó, ẹ wá òmíràn.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí búrékì yóò jẹ kí mọ́tò tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Fáàfù kankan kò lè yí ìyẹn padà.

Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ náà ró. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Road Safety. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn TRACE tún wà lójú títì. Iṣẹ́ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ gbogbo mọ́tò. Ẹlòmíràn a ní ìwé ọkọ̀ òun pé pérépéré. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dá mọ́tò dúró. Búrékì ní í dá a dúró.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Owó tí a ó fi tún fáàfù ṣe lè dun ni lónìí, a ó rí òmíràn pa lọ́la. Bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ fún dírẹ́bà yín kà, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí: "Báwo ni búrékì yìí ti ń ṣe bí ẹrù bá wà, báwo ni ó sì ti ń ṣe bí kò bá sí?" Kí ẹ fi sùúrù gbọ́ èsì rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire o.